Awò Orí Imú Oníṣẹ́ Abẹ: Bí A Ṣe Wá Àyè fún Ọwọ́

Ẹni tí ó bá ti gbé aago ọwọ́ lọ fún àtúnṣe rí yóò ti ṣàkíyèsí bí oníṣẹ́ aago ti ń ṣe. Yóò ki awò kékeré kan bọ ojú kan, yóò di ojú kejì, yóò sì tẹrí ba mọ́ aago náà tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwọn kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rí ohun tí ojú lásán kò lè rí. Iṣẹ́ aago gba irú ìtẹríba bẹ́ẹ̀, nítorí aago kì í mí, kì í ṣẹ̀jẹ̀, èémí ẹni tí ń tún un ṣe kò sì lè kó àrùn bá a. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ọkùnrin kan náà, tí a ní kí ó fi awò kan náà rán ẹyinjú ènìyàn tí ó ya, iṣẹ́ náà yóò dojú rú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibi tí orí rẹ̀ wà gan-an ni ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ wà. Abẹ kò ní rí ọ̀nà kọjá, abẹ́rẹ́ kò ní rí ọ̀nà kọjá, ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò ní rí ọ̀nà débẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ohun tí ó le nínú ṣíṣe awò tí oníṣẹ́ abẹ ń gbé sórí imú ni bí nǹkan yóò ṣe tóbi lójú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ti pẹ́ gan-an tí aráyé ti mọ bí a ti ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ohun tí ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí a tó mọ̀ ọ́n ni bí nǹkan yóò ṣe tóbi nígbà tí ó ṣì jìnnà sí ojú, tí ojú méjèèjì yóò jọ máa wò ó, tí ọwọ́ méjèèjì yóò sì ṣófo fún iṣẹ́.

Ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá nì, Ibn al-Haytham, ẹni tí a bí ní Basra tí ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Cairo, ti kọ ìwé ńlá kan lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá. Nígbà tí a túmọ̀ ìwé náà sí èdè Látìn, ó di orísun ìmọ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣọ̀nà gíláàsì Ítálì ni wọ́n gbé awò sórí imú ní òpin ọ̀rúndún kẹtàlá. Nínú ìwàásù kan tí àlùfáà Giordano ará Pisa ṣe ní Florence ní ọdún 1306, ó sọ pé kò tíì pé 20 ọdún tí a mọ iṣẹ́ ọ̀nà awò ojú.

Àwòrán kan wà ní Treviso, ní Ítálì, tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fara balẹ̀ wò. Tommaso da Modena ni ó yà á sára ògiri ní ọdún 1352. Nínú yàrá kan náà ni ó ya kádínà kan tí ó fi ọwọ́ mú awò kan ṣoṣo tí ó fi ń kàwé, ó sì ya kádínà mìíràn, Hugh ti Saint-Cher, tí ó gbé awò ojú sórí imú, tí ó sì ń kọ̀wé. (Ọdún 1263 ni Hugh ti kú, kí a tó ṣe awò ojú kankan, ayàwòrán náà ni ó ta á lọ́rẹ.) Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn kádínà méjèèjì yìí tóbi ju bí ó ti rí lọ. Ti àkọ́kọ́ fi ọwọ́ kan san owó ìríran rẹ̀. Ti èkejì ríran, ọwọ́ rẹ̀ sì wà fún kálàmù.

Ọ̀rúndún mẹ́ta kọjá kí ohun titun tó dé. Ní ọdún 1608, Hans Lippershey, aṣe-awò ní Middelburg, lọ bẹ ìjọba Họ́láǹdì pé kí wọ́n fún òun ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀pá kan tí ń mú ohun tí ó jìnnà súnmọ́ tòsí. Awò méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Galileo gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1609, ó ṣe tirẹ̀, ó sì tún un ṣe dáadáa. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kìíní ọdún 1610, ó ti rí òṣùpá mẹ́rin tí ń yí Júpítà ká.

Àwọn tí ó mọ Galileo nípa èyí kì í sábà gbọ́ nípa akoto rẹ̀. Galileo rò pé bí atukọ̀ bá lè máa wo àwọn òṣùpá Júpítà láti orí òkun, yóò mọ ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ dé lórí ilẹ̀ ayé. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ṣe di ọ̀pá mú nínú ọkọ̀ tí ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún? Ní nǹkan bí ọdún 1617, ó ṣe akoto kan tí ó so ọ̀pá náà mọ́ níwájú ojú kan, kí ojú kejì lè máa wá ìràwọ̀ náà láìní awò. Celatone ni ó pè é, a sì dán an wò ní èbúté Livorno. Kò yọrí sí ohun kan fún àwọn atukọ̀. Ọkọ̀ ń mì, orí ń mì, ọ̀pá náà sì ń sọ gbogbo ìmìtìtì wọ̀nyí di ńlá pẹ̀lú ìràwọ̀. Síbẹ̀ òun ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé a lè so awò-awọ̀nàjíjìn mọ́ orí, kí a sì fi ọwọ́ ṣe nǹkan mìíràn.

Kí ni ó dé tí oníṣẹ́ abẹ kò kàn fi awò tí ó ki sínú férémù awò ojú, kí ọ̀rọ̀ parí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò kékeré kan. Ojú tí ó pé ń rí nǹkan dáadáa bí a bá gbé e sí nǹkan bí 25 sẹ̀ǹtímítà sí i. Bí awò oníkùn, èyíinì ni awò tí àárín rẹ̀ ki ju etí rẹ̀ lọ, yóò bá sọ nǹkan di ìlọ́po méjì àbọ̀, nǹkan náà gbọ́dọ̀ wà ní 10 sẹ̀ǹtímítà sí awò. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po márùn-ún, 5 sẹ̀ǹtímítà ni, ibi tí oníṣẹ́ aago ń gbé orí sí nìyẹn. Oníṣẹ́ abẹ tí ó dúró ti ibùsùn ń fẹ́ àyè tí ó tó 35 sí 45 sẹ̀ǹtímítà láàárín ojú rẹ̀ àti egbò. Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Nǹkan bí 6 sẹ̀ǹtímítà ni ó wà láàárín ẹyinjú kan àti èkejì. Bí ohun tí à ń wò bá ti súnmọ́ wa jù, ojú méjèèjì yóò yí sínú bí ti ẹni tí ń wo ṣóńṣó imú ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ wákàtí kan. A lè fi gíláàsì onígun tí ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kún awò láti ran ojú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gíláàsì náà kò lè fi sẹ̀ǹtímítà kan kún àyè tí ọwọ́ ń wá. Edwin Theodor Saemisch, oníṣègùn ojú ní Bonn, ni àwọn òǹkọ̀tàn sábà máa ń dárúkọ pé ó kọ́kọ́ mú awò amúǹkantóbi olójú méjì wọ inú iṣẹ́ abẹ, ní ọdún 1876. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ fún àkókò náà, ṣùgbọ́n awò lásán ni, ìṣirò tí a ṣe lókè yìí sì dè é mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ti wà nílẹ̀ kí Saemisch tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wo kòkòrò àti ewéko ni ó wà. Ernst von Brücke, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìṣiṣẹ́ ara ní Vienna, ẹni tí Sigmund Freud kọ́ṣẹ́ ní yàrá ìwádìí rẹ̀ nígbà èwe, ti lo awò kan tí ó ní apá méjì: awò oníkùn ní ìhà ohun tí à ń wò, awò oníkòtò, èyí tí àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju etí rẹ̀ lọ, ní ìhà ojú, àlàfo sì wà láàárín wọn. Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀pá Galileo ni, tí a yí padà láti wo ohun tí ó wà nítòsí. Ohun tí ó mú wá ni pé nǹkan tóbi, síbẹ̀ ó jìnnà sí awò débi pé ọwọ́ lè wọ àárín. Ní Rostock, ní nǹkan bí ọdún 1886, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Westien so irú rẹ̀ méjì pọ̀ fún ojú méjèèjì, fún ìlò onímọ̀ ẹranko kan, oníṣègùn ojú nì, Karl Wilhelm von Zehender, sì ní kí ó ṣe irú rẹ̀ tí òun yóò fi máa yẹ iwájú ẹyinjú wò. Ó dára fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó wúwo.

Ìlú Jena ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yanjú, kì í sì í ṣe nípa èèṣì. Láti ọdún 1846 ni Carl Zeiss ti ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1866 ni ó pe Ernst Abbe, onímọ̀ físíìsì ní yunifásítì ìlú náà, kí ó wá bá òun fi ìṣirò rọ́pò àdánwò-bóyá-yóò-ṣeé-ṣe tí àwọn oníṣẹ́ awò fi ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1884 ni Otto Schott dara pọ̀ mọ́ wọn láti dá ilé iṣẹ́ gíláàsì sílẹ̀. Iṣẹ́ Schott yìí ṣe kókó. Gíláàsì kan ṣoṣo kì í tẹ àwọ̀ pupa àti àwọ̀ búlúù bákan náà. Ìdí nìyí tí àwọ̀ òṣùmàrè fi ń yọ létí ohun tí a bá fi awò líle wò. Bí a bá lẹ irú gíláàsì méjì tí ìwà wọn yàtọ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀kan yóò tún àṣìṣe èkejì ṣe. Fún oníṣẹ́ abẹ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà: pupa ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn tààrà àti pupa ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dúró kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ ara wọn.

Moritz von Rohr dé ilé iṣẹ́ Zeiss ní ọdún 1895. Oníṣirò ni. Ní àkókò tí kò sí kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí awò yóò ti ṣe gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ṣírò ipa ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ láti ojú gíláàsì kan dé òmíràn, lẹ́ẹ̀kan síi àti lẹ́ẹ̀kan síi, pẹ̀lú tábìlì lọ́gárísìmù. Von Rohr gbà gbọ́ pé àṣìṣe àwọn tí ó ṣáájú ni pé wọ́n ń ṣírò awò bí ẹni pé ojú jẹ́ ihò tí ó dúró lójú kan. Ojú kì í dúró; ń ṣe ni ó ń yí kiri lẹ́yìn awò. Àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú Allvar Gullstrand, ará Swídìn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1911, ni ó bí awò ojú tí Zeiss pè ní Punktal ní ọdún 1912. Von Rohr ti ṣe awò-awọ̀nàjíjìn kékeré tí a gbé sínú férémù awò ojú fún àwọn tí ojú wọn kò dára. Ní ọdún 1912 yìí kan náà ni òun àti oníṣègùn ojú tí ń jẹ́ Stock gbé irú èyí tí ó wà fún iṣẹ́ ìtòsí jáde: ọ̀pá kúkúrú méjì lórí imú, tí wọ́n sọ nǹkan di ìlọ́po méjì ní ibi tí ènìyàn ń gbé ìwé sí kà. Ìlọ́po méjì péré! Ẹni tí kò mọ ìtàn yóò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú méjèèjì ni ó ń wò, ọwọ́ méjèèjì ṣófo, orí sì lè gbé e.

Ó tọ́ kí a tú ẹ̀rọ yìí wò. Ká ní awò oníkùn tí ó wà níwájú ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ sí 50 mìlímítà lẹ́yìn rẹ̀, tí ìwọ̀n awò oníkòtò tí ó wà nítòsí ojú sì jẹ́ 20. Bí a bá fi 20 pín 50, a ó ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Bí a bá yọ 20 kúrò nínú 50, a ó ní 30 mìlímítà, èyí tí í ṣe gígùn ọ̀pá náà. Bí ó ti wà yìí, ohun tí ó jìnnà nìkan ni ó lè wò. Nítorí náà a ó fi awò oníkùn mìíràn bò ó níwájú, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà. Iṣẹ́ awò yìí ni láti tan ọ̀pá náà jẹ: ìmọ́lẹ̀ tí ó wá láti egbò tí ó wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà yóò wọlé bí ẹni pé ó wá láti ojú ọ̀run. Ẹ ṣàkíyèsí pé a ti pín iṣẹ́ méjì níyà. Ọ̀pá ni ó ń sọ nǹkan di ńlá. Awò iwájú ni ó ń pinnu ibi tí ọwọ́ yóò wà. Nínú awò oníṣẹ́ aago, awò kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ìdí sì nìyẹn tí kò fi lè fún ọwọ́ láyè.

Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè ṣe ifá kí ó má hùwà èkùrọ́. Ọ̀pá Galileo ní àbùkù kan tí a kò lè wẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Bí agbára rẹ̀ ti ń pọ̀ ni gbàgede ohun tí ojú ń rí nínú rẹ̀ ń há, etí rẹ̀ a sì máa ṣókùnkùn. Bí ó bá ti fẹ́ ju nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta lọ, oníṣẹ́ abẹ yóò dà bí ẹni tí ń wo ọjà láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Kepler ti sọ nípa ọ̀nà kejì ní ọdún 1611: kí awò méjèèjì jẹ́ oníkùn. Gbàgede rẹ̀ fẹ̀, ó sì mọ́lẹ̀ títí dé etí. Àmọ́ 50 àti 20 yóò di 70 mìlímítà dípò 30, gbogbo nǹkan yóò sì dorí kodò. Kò ṣe awòràwọ̀ ní ohun kan bí òṣùpá bá dorí kodò, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí irú awò bẹ́ẹ̀ darí abẹ lára òun? Gíláàsì onígun tí Ignazio Porro, ará Ítálì, gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1854 ni ó fi ọ̀nà hàn: ìmọ́lẹ̀ yóò ta kúrò lára ògiri gíláàsì lẹ́ẹ̀mẹrin, àwòrán yóò dìde dúró, ọ̀pá yóò sì kúrú. Irú awò orí imú tí ń mú nǹkan di ìlọ́po mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà ní irú gíláàsì yìí nínú. Imú ni ó sì ń ru ẹrù rẹ̀.

Ní Stockholm ni awò orí imú ti kọ́kọ́ bá orogún pàdé. Egungun tí ó kéré jù lọ lára ènìyàn wà nínú etí. Nǹkan bí 3 mìlímítà ni. Ní ọdún 1921 ni Carl-Olof Nylén gbé máíkírósíkóòpù olójú kan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ etí, ọ̀gá rẹ̀, Gunnar Holmgren, sì lo olójú méjì ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1953 ni Zeiss gbé máíkírósíkóòpù iṣẹ́ abẹ tí Hans Littmann ṣe jáde, èyí tí a lè yí agbára rẹ̀ padà láìsún un kúrò lójú kan. Ní ọdún 1960, ní Vermont ní Amẹ́ríkà, Julius Jacobson fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rán iṣan ẹ̀jẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni a ti lè dá ìka tí ó gé padà sí ààyè rẹ̀.

Àwọn kan rò nígbà náà pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ awò orí imú. Àwíjàre wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: máíkírósíkóòpù kì í wúwo lórí ẹnikẹ́ni, agbára rẹ̀ ju 20 lọ, olùrànlọ́wọ́ sì lè máa wo ohun kan náà pẹ̀lú dókítà. Àwọn tí ó kọ̀ láti bọ́ awò wọn sílẹ̀ náà kò ṣe agídí lásán. Máíkírósíkóòpù ń wo ibi kan. Bí oníṣẹ́ abẹ bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, a ní láti gbé ẹ̀rọ náà. Awò orí imú ń bá orí lọ síbikíbi tí orí bá yí sí. Ẹni tí ń rán iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn, tí kò fẹ̀ ju mìlímítà kan àbọ̀ sí méjì lọ, pẹ̀lú òwú tí ó fẹ́lẹ́ bí irun orí, ń fẹ́ rí ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó tún ń fẹ́ gbójú sókè wo gbogbo àyà tí a là sílẹ̀, ìgbà tí ó bá sì fẹ́ ẹ, kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀rọ bá gbà fún un. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn fi ń lo awò ìlọ́po méjì àbọ̀ sí mẹ́ta àbọ̀ títí di òní, tí àwọn dókítà eyín náà sì ń lò ó. Owó náà kò ṣeé gbàgbé: iye tí a fi ń ra máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo yóò ra awò orí imú fún ọ̀pọ̀ dókítà.

Ọrùn ni ó wá di ibi tí ìyà kù sí. Ẹni tí ó bá tẹ orí ba fún wákàtí mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀pá gíláàsì lórí imú kò ní ṣàì jẹ̀rora rẹ̀. Àwọn aṣe-awò gbé ọ̀nà méjì kalẹ̀. Nínú ọ̀kan, ọ̀pá wà lórí ìdè tí a lè gbé sókè sọ̀kalẹ̀ níwájú awò ojú. Ẹlòmíràn lè yá a lò. Nínú èkejì, a lu awò ojú gan-an, a sì ki ọ̀pá bọ inú ihò náà, kí ó lè súnmọ́ ojú, kí ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n a ti wọn ojú olówó rẹ̀ kí a tó lu ihò náà, ẹlòmíràn kò sì lè lò ó. Ní àìpẹ́ yìí ni irú kẹta jáde, tí a fi gíláàsì onígun tẹ ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀, tí oníṣẹ́ abẹ fi ń wo iwájú tààrà nígbà tí iṣẹ́ wà nísàlẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Iṣẹ́ tí von Rohr fi bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni awò fún àwọn tí ojú wọn kò dára, kò parun. Ní New York, láti àwọn ọdún 1930, William Feinbloom fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe awò-awọ̀nàjíjìn kékeré fún àwọn tí awò ojú lásán kò ràn lọ́wọ́. Nínú irú kan, a gbé ọ̀pá náà sí apá òkè awò ojú, kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè fi ìsàlẹ̀ rìn kiri, kí ó sì fi òkè wo ohun tí ó jìnnà. Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Olùkọ́ lè ní ọmọ àfín ní kíláàsì rẹ̀. Àìsí àwọ̀ ń pa ẹ̀yìn ojú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára láti inú oyún, ojú rẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Awò ojú nìkan kò lè sọ ìríran rẹ̀ di ti àwọn yòókù. Bí a bá fi í sí ìjókòó ẹ̀yìn, a ó pè é ní olódo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọpọlọ rẹ̀ ni ó kù díẹ̀ káàtó. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ní ọ̀pá kékeré náà lókè awò ojú rẹ̀, yóò rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀, yóò ka ohun tí ó wà lójú pátákó, yóò gbé orí sókè, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.